Ẹsẹ̀ Ulbosyn Kò Gbélé

Ọmọbìnrin mẹ́rin ni ìyá Ulbosyn ti bí tẹ̀ léra kí wọ́n tó bí i. Nígbà tí obìnrin tún dé, bàbá rẹ̀ kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n sọ ọmọ náà ní Ulbosyn, èyí tó túmọ̀ sí pé kí èyí tó kàn jẹ́ ọkùnrin. Ọkùnrin náà dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìdílé máa ń sọ pé orúkọ ló ro ọmọ yẹn. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́nà, bí ẹni pé nǹkan kan ń bọ̀ tí òun gbọ́dọ̀ lọ pàdé.

Iṣẹ́ ojú irin ni Sagyndyk tó fẹ́ ẹ ń ṣe. Qumsai ni wọ́n ń gbé, ibùdó kékeré kan láàárín iyanrìn, níbi tí ilé kò ju mẹ́ta lọ, tí omi mímu pàápàá ń ti inú ọkọ̀ ojú irin wá. Láàárọ̀, Sagyndyk á gbé òòlù, á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, á máa kàn án pó, pó, pó, á máa fetí sí i bóyá ìdè kan ti ń tú. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń mu tíì, tíì á tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ulbosyn ní tirẹ̀, òun ni wọ́n fi ọ̀pá ìdènà títì àti àsíá lé lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, á sọ ọ̀pá kalẹ̀, á na àsíá sókè, á dúró. Ọkọ̀ á ya kọjá. Á rí ojú èèyàn lójú fèrèsé: ẹnì kan ń bó ẹyin, ọmọ kan yọ ahọ́n sí i, obìnrin kan ń ya irun. Kó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti lọ. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú ńlá kì í dúró ní Qumsai. Títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, Ulbosyn ń na àsíá sí àwọn tó ń lọ síbi tí òun kò dé rí.

Kò ráhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ráhùn fún un. Bí òjò dídì bá ti yọ́ tán lọ́dọọdún, á fa bẹ́ẹ̀dì lọ síbi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà, á fa kọ́bọ́ọ̀dù lọ sẹ́nu ọ̀nà. Sagyndyk á ti ibi iṣẹ́ dé, á fi ojúgun gbá igi nínú òkùnkùn.

“Ìyá Nurbergen,” á sì béèrè, “níbo ni mo ń sùn lónìí?”

Orí kẹ̀kẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ni obìnrin náà ti kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n gùn, iyọ̀ kì í tán nílé rẹ̀ kó tó lọ ra iyọ̀ ní ibùdó kejì. Ó lè ní iyọ̀ kún àpótí, síbẹ̀ á gun kẹ̀kẹ́ lọ ra òmíràn, á fi odindi ọjọ́ kan lọ, á bọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n àti erùpẹ̀ lẹ́nu, inú rẹ̀ á dùn fún bí ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí Qumsai. Ẹ̀rọ ń sọ ọ̀pá kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ń tẹ́tí sí irin. Ọkọ àti ìyàwó gba ìwé ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ wọn Nurbergen sì kó wọn lọ sí Aktobe, síbi tó ti ń ta ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Àjà karùn-ún ni yàrá wọn wà. Sagyndyk rí bẹ́ǹṣì kan nísàlẹ̀, ó rí àwọn bàbá arúgbó tí ń ta dómínò, ó jókòó tì wọ́n, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti bùṣe.

Ulbosyn kò rí ibi jókòó sí. Ó ń gbọ́ afẹ́fẹ́ lójú fèrèsé, afẹ́fẹ́ náà kì í kan án lára. Á sè, á gbálẹ̀, á tún gbá ibi tó ti gbá. Á sọ̀ kalẹ̀, á máa yí ilé náà po, lábẹ́ òjò dídì, ní yíyípo yíyípo, bíi ràkúnmí tí wọ́n so mọ́ òpó. Àwọn ọmọdé àdúgbò sọ ọ́ ní Màmá Aago, nítorí wọ́n ní bíi ọwọ́ aago ló ṣe ń yí. Ó gbọ́ orúkọ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó tún yí po lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ kan bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, Sagyndyk ń gé èékánná lórí àga. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ kóòtù.

“Bàbá Nurbergen.”

“Hẹn.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Ká lọ síbo?”

“Sí òkun.”

Sagyndyk gbé ọ̀bẹ èékánná sílẹ̀. “Kí lo gbàgbé sétí òkun?”

“Mi ò gbàgbé nǹkan kan síbẹ̀. Mi ò dé ibẹ̀ rí ni.”

“Kò burú. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ síbẹ̀. A ó wọ̀ ọ́, a ó dé, a ó fi ẹsẹ̀ kan omi, a ó padà wá jẹun alẹ́.”

“Mo ti wo ọkọ̀ ojú irin tó. Kẹ̀kẹ́ la ó gùn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ yẹn kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kí n mọ̀ pé èmi ni mò ń lọ, kì í ṣe pé wọ́n ń gbé mi lọ.”

“Inú aginjù náà?”

“Ṣé inú ọgbà òdòdó la ti ń bọ̀ ni?”

“Orúnkún mi ńkọ́?”

“Orúnkún tó rin ojú irin láti àárọ̀ dalẹ́ títí ẹ fi darúgbó, ṣé kẹ̀kẹ́ ló máa wá pa á?”

Sagyndyk wò ó. Kóòtù ṣì wà lọ́rùn obìnrin yìí, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Bí mo bá ní mi ò lọ ńkọ́?” Ọkùnrin náà rí i pé èsì ti wà nílẹ̀ kí òun tó béèrè. Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀, ó gé èékánná ìka tó kù.

Nígbà tí Nurbergen gbọ́, ilé dàrú.

“Màmá! Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ fẹ́ kí ará àti ojúlùmọ̀ máa sọ pé Nurbergen fi kẹ̀kẹ́ lé àwọn òbí rẹ̀ wọ aginjù?”

“Ta la fẹ́ sọ fún pé ìwọ lo lé wa?” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Wọn ò ní bi yín! Ṣé àwọn èèyàn máa ń béèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ni?”

“Tóò, jẹ́ kí wọ́n sọ. Ẹnu tí ò bá rí nǹkan sọ, á jẹra.”

Ọmọ náà bínú débi pé kò bá wọn jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìyàwó rẹ̀ Nazerke ni kò sọ̀rọ̀ rárá. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, ó yọ́ wọlé tọ ìyá ọkọ rẹ̀, ó mú ìbòrí méjì tó fi irun àgùntàn lílù rán jáde lábẹ́ aṣọ.

“Màmá, ìjókòó kẹ̀kẹ́ yẹn ti le jù. Ẹ bá mi fi èyí bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ yín má gbọ́ pé èmi ni mo rán an.”

“Kò ní gbọ́. Ó ṣeun, ọmọ mi. Ṣé ìwọ náà ò fẹ́ lọ ni?”

Nazerke bojú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kó tó rẹ́rìn-ín.

Nítorí orúnkún Sagyndyk, Ulbosyn gbà kí ọkọ̀ ojú irin gbé àwọn àti kẹ̀kẹ́ wọn dé Beyneu, ìlú tó wà lẹ́nu aginjù. Láti ibẹ̀, wọ́n gùn ún. Ìgbà náà ni òdòdó pupa aginjù ń yọ, èyí tí kì í pẹ́ kú. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀run ṣí sílẹ̀, títì kan ṣoṣo là á kọjá bí ìlà tí ọmọdé fa. Ulbosyn ló ń ṣíwájú. Ìbòrí orí rẹ̀ tú, afẹ́fẹ́ ń fà á, kò dúró so ó. Ó ń wo òkè kan níwájú, yóò sì máa tẹ pẹ́dà bí ẹni tí wọ́n pè níbẹ̀. Bó bá dé ibẹ̀, òkè mìíràn ló rí, ó tún ń lọ.

Sagyndyk wà lẹ́yìn. Bó bá rí ìjàpá tó ń sọdá títì, á sọ̀ kalẹ̀, á dá kẹ̀kẹ́ dúró, á gbé ìjàpá náà dé òdìkejì, á kọ orí rẹ̀ síbi tó ń lọ. Ìjàpá sì pọ̀ lójú ọ̀nà lásìkò yẹn. Ulbosyn á fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á máa wò ó.

“Ṣé gbogbo ìjàpá ayé lẹ máa kó sọdá ni?”

“Èyí tí mo bá rí ni.”

“Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ èkejì, èkíní á ti padà sójú títì!”

“Ìyẹn ti di ọ̀ràn tirẹ̀.”

Àwọn onítírélà ń fun fèrè fún wọn. Ọ̀kan dúró, ó ní kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, Ulbosyn kọ̀. Awakọ̀ náà yọrí.

“Bàbá, ta ló lé yín kúrò nílé?”

“Ìyàwó mi ni,” Sagyndyk dá a lóhùn. “Ó lé mi tán, ló bá tún tẹ̀ lé mi.”

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, ó fún wọn ní búrẹ́dì kan àti omi. Ulbosyn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí pẹ́dà.

Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kọjú sí wọn ni nǹkan le. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa kì í fẹ́ kó sinmi. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó di kí oòrùn wọ̀. Wọ́n ń tẹ pẹ́dà, wọn ò kúrò lójú kan. Omi wọn tán lọ́sàn-án. Wọ́n yà kúrò lójú títì tọ ilé darandaran kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Aqqudyq ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Qonysbai ni orúkọ darandaran náà, ìyàwó rẹ̀ ni Raushan. Arúgbó làwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sí ìlú, ó ku àwọn, àgùntàn àti ràkúnmí.

“Omi la fẹ́ bù,” Ulbosyn wí lórí ìdúró. “A ò ní pẹ́.”

“Kí ni o pè ní a ò ní pẹ́?” Qonysbai ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. “Àlejò tó bá kọjá ẹnu ọ̀nà mi láì jókòó, èmi ló bú. Raushan! Gbé ìkòkò kaná!”

Wọ́n fi wàrà ràkúnmí kíkan lé wọn lọ́wọ́ nínú abọ́, wọ́n da àkàrà ìyẹ̀fun díndín sórí aṣọ tábìlì, lẹ́yìn náà ẹran dé. Wọ́n sùn níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sagyndyk rí i pé ògiri ọgbà àgùntàn ti wó nígbà òtútù. Raushan ò lè tẹ̀ ba mọ́ nítorí ẹ̀gbẹ́ ríro, ọwọ́ Qonysbai nìkan kò sì ká a. Sagyndyk ká ṣòkòtò, ó bọ́ sínú amọ̀, ó ń gún un pẹ̀lú koríko gbígbẹ.

Ulbosyn kò rí ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fi Qumsai sílẹ̀. Amọ̀ dé e lórúnkún, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n, òun àti Qonysbai ń bú ara wọn bí àwọn ọmọ iléèwé.

“Ògiri rẹ wọ́ bí ìrù ajá!”

“Ojú rẹ ló wọ́. Gbé amọ̀ wá, èèyàn ojú irin!”

Ọjọ́ kìíní, Ulbosyn bá Raushan fún wàrà, ó bá a ṣe búrẹ́dì. Ọjọ́ kejì, ó gun òkè ẹ̀yìnkùlé, ó dúró, ó ń wo títì. Ọjọ́ kẹta, ó ti di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó mu tíì tán.

“Lọ́la la máa lọ,” ló wí.

Sagyndyk ń fọ ọwọ́ lẹ́bàá kànga. “Ògiri ò tíì parí.”

“Ògiri Qonysbai ni. Kì í ṣe ògiri wa.”

“Wọ́n fún wa lómi.”

“A ti mu ún, a ti tọ̀ ọ́! Bàbá Nurbergen, ṣebí òkun la ní à ń lọ?”

“Òkun ò ní gbẹ títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Mi ò lè dúró ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ ń ta mí lẹ́sẹ̀. Mi ò rí oorun sùn.”

“O ò rí oorun sùn rí,” Sagyndyk wí. Ó tún ọwọ́ fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ náà ti mọ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ ló pè, ohun tí kì í sábà ṣe. “Ulbosyn. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Ní Qumsai, mo rí bí o ṣe máa ń wo ọkọ̀. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló fà á. Ní Aktobe, mo ní àjà karùn-ún ló fà á. Kò sí ọkọ̀ ojú irin níbí. Kò sí àjà karùn-ún. Ilẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ wà, èèyàn rere wà, ó wá ku èmi. Ṣé èmi ni o ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá?”

Ulbosyn rò ó. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kò sì jẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bi léèrè ìwé tí kò kà. Ìtìjú yìí ló di ìbínú. Ó yí padà, kò dúró de ọ̀la, ó fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó gùn ún, ó lọ. Raushan sáré jáde pẹ̀lú búrẹ́dì nínú aṣọ, kò bá a mọ́.

Nígbà tó kọ́kọ́ bọ́ sójú títì, ara rẹ̀ fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ ti yí ojú padà, ó ń tì í lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí yóò dúró dè. Ó gùn ún títí ó fi rí àwọn òkè ẹfun funfun tó dúró bí eyín òmìrán, kò sì sọ̀ kalẹ̀ wò wọ́n. Ìgbà kan ìjàpá kan ń sọdá. Ó yí kẹ̀kẹ́ yà á, ó lọ. Ó lọ díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Tírélà kan ń bọ̀ lókèèrè. Ó pe ara rẹ̀ ní aṣiwèrè, ó yí padà, ó lọ gbé e sọdá. Ìbínú rẹ̀ wá pọ̀ sí i, ìbínú sí Sagyndyk.

Kò pẹ́ sígbà náà ni táyà ẹ̀yìn jò. Túùbù àti gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀; páńpù wà nínú àpò ọkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ lọ. Oòrùn ń lọ síwájú rẹ̀, òjìji rẹ̀ gùn sẹ́yìn. Bó ti ń rìn, ìbéèrè yẹn ń bá a rìn. Ṣé èmi ni o ń sá fún? Ó wá Sagyndyk nínú gbogbo ohun tó ti sú u láyé, kó lè mọ̀ bóyá yóò bá a níbẹ̀. Ó rí ọ̀pá ìdènà. Ó rí ojú fèrèsé àjà karùn-ún. Ó rí ọjọ́ tó dà bí àná, tí ọ̀la náà yóò sì dà bíi rẹ̀. Ó rí tíì tó tutù lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì rí i pé òótọ́ ni pé tíì yẹn máa ń bí òun nínú. Ṣùgbọ́n ṣé ìdí tí èèyàn fi ń sá nìyẹn?

Àwọn tó ń tún títì ṣe ti fa ilé onítáyà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ulbosyn débẹ̀. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn ni Maqpal, ó sanra, eyín wúrà kún ẹnu rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan títí ó fi gbé ọbẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ó jókòó tì í.

“Ọkọ rẹ ńkọ́? Onítírélà kan ní ẹ̀yin méjì ni.”

“Ó wà lẹ́yìn.”

“Báwo ló ṣe jìnnà tó?”

“Láti àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.”

“Tìrẹ dáa nígbà náà. Tèmi ti wà lẹ́yìn látọdún mọ́kànlá, kò tíì lé mi bá.” Maqpal rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ mì. “Ṣé o sá fún un ni?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹni tó bá sá máa ń mọ̀. Èmi mọ̀, àní bàtà kan ni mo wọ̀ jáde. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tí mò ń lọ. Ìwọ, ṣé o mọ ibi tí ò ń lọ?”

“Òkun.”

“O sọ ọ́ fún un kí o tó kúrò nílé?”

“A jọ ń lọ ni.”

“Ha! Ìyá yìí máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ló ń sá tó ń júwe ọ̀nà fún ẹni tó ń sá fún? Jẹun jàre, ẹran wà nísàlẹ̀.”

Láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ náà fi ẹ̀rọ wọn fẹ́ táyà rẹ̀. Maqpal béèrè bóyá yóò padà ni. Ulbosyn wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó ní òun yóò dé òkun ná. Kò dibọ́n, kò sì wá àwáwí: ó fẹ́ rí òkun.

Ó sì rí i. Ó ti gbóòórùn rẹ̀ kó tó rí i, òórùn iyọ̀ àti nǹkan tútù tó ń rà. Ó fa kẹ̀kẹ́ sórí yanrìn, ó wọ inú omi tòun ti ìbọ̀sẹ̀, títí dé orúnkún. Omi náà tutù wọ egungun. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbọ́ orin nínú mọ́tò, bàbá kan ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja, kò sẹ́ni tó wo obìnrin arúgbó tó ń sunkún láì mọ ohun tó ń sunkún sí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó balẹ̀ débi pé ó gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ nínú ara rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ló rí ọkọ̀ ojú omi kan lókèèrè réré, kékeré bí ìdun, tó ń lọ sí òdìkejì. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: kí ló wà lọ́hùn-ún?

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù.

Ó pẹ́ kí Sagyndyk tó gbé e. Igbe àgùntàn ló kọ́kọ́ gbọ́.

“Bàbá Nurbergen.”

“O ti débẹ̀?”

“Mo ti débẹ̀.”

“Ó tóbi?”

“Ó tóbi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kì í dúró sójú kan.”

“Ẹ̀yin méjèèjì ti mọ ara yín nìyẹn. Táyà ńkọ́?”

“Ó jò. Ọwọ́ yín ni páńpù wà.”

“Mo mọ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé ọ lọ́jọ́ náà. Mo dé ibi òkè ẹfun, orúnkún mi wú, kò ká mọ́. Onítírélà ló gbé mi padà sí Aqqudyq.”

Ulbosyn jókòó sórí yanrìn. Ó béèrè bóyá wọ́n ti fi nǹkan gbígbóná pa orúnkún náà. Sagyndyk ní Raushan ti fi ọ̀rá ìrù àgùntàn dì í. Owó fóònù rẹ̀ tán síbẹ̀.

Ó gun kẹ̀kẹ́ padà, afẹ́fẹ́ lójú. Nígbà tó dé Aqqudyq, Sagyndyk jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹsẹ̀ kan nà gbọọrọ, ó ń fi ọwọ́ ra amọ̀ mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Qonysbai rí i tó ń bọ̀, ó wọlé lọ, ó fa Raushan tẹ̀ lé ara rẹ̀.

“Ìbéèrè tí ẹ bi mí,” Ulbosyn wí, kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

“Èwo?”

“Ẹ mọ èyí tó jẹ́.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Kì í ṣe ẹ̀yin. Mo wò ó títí, mo tú u wò tinú tẹ̀yìn. Kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ẹ bá wà níwájú, màá lé yín bá. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn, màá máa bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n màá máa lọ. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Ó ń dun èmi náà.”

Sagyndyk ra amọ̀ kan mọ́ ògiri, ó tẹ́ ẹ dán. “Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n gbọ́ ọ,” ló wí. “Gbé omi yẹn wá, amọ̀ ti ń gbẹ.”

Wọn ò padà sí Aktobe lọ́dún yẹn àfi nígbà tí òtútù dé; bí òtútù bá sì ti lọ, wọ́n á tún padà sí Aqqudyq. Qonysbai fún wọn ní yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn tẹ́lẹ̀. Orúnkún Sagyndyk san díẹ̀, kò san tán. Ó ń da àgùntàn tó wà nítòsí, ó ń tún kànga ṣe, ó jókòó pẹ̀lú tíì tútù rẹ̀. Ulbosyn ń gun kẹ̀kẹ́ láti kànga dé kànga. Ó ń bá àwọn darandaran gba oògùn wá láti ìlú, ó ń gbé awò ojú lọ, ó ń gbé ìròyìn bọ̀: ràkúnmí ta ló bí, ọmọ ta ló fẹ́ ìyàwó. Àwọn kan ní ó ya wèrè. Àwọn kan ní ọkọ rẹ̀ ni wèrè, tó jókòó sílé tí ìyàwó ń rìn kiri. Nurbergen wá bá wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fẹ́ bínú, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú Qonysbai, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀ràn náà tán pátápátá. Bí Ulbosyn bá pẹ́ kó tó dé, Sagyndyk kì í bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìgbà kan tí ìjì eruku dá a dúró sọ́nà, ọkùnrin náà ti fi ohùn rara sunkún rẹ̀ kó tó yọ, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sì yọ, Sagyndyk ju abọ́ mọ́lẹ̀, ó fọ́. Obìnrin náà ṣèlérí pé òun yóò jókòó. Ó jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó fa gbogbo àga ilé Raushan kúrò láyè wọn, títí Raushan fúnra rẹ̀ fi lọ gbé kẹ̀kẹ́ jáde fún un.

Nígbà ìwọ́wé tó kọjá, ó ní òun fẹ́ lọ wo odò ńlá tó wà ní Atyrau, odò tó ń gbé omi wá bọ́ òkun. Ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni. Sagyndyk kò jiyàn. Ó fa kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ jáde, ó gùn ún tẹ̀ lé e pẹ̀lú orúnkún tó dì, títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀nà Aqqudyq ti bọ́ sí títì. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹran tútù.

“Ìgbà wo lo máa dé?”

“Kí oṣù tó parí.”

“Má dá ọjọ́ fún mi. O ò pa ọjọ́ kankan mọ́ rí. Sọ pé o máa dé.”

“Màá dé.”

“Ó dáa. Máa lọ kí afẹ́fẹ́ tó jí.”

Ó lọ. Sagyndyk wò ó títí ojú ọ̀nà fi gbé e mì. Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò láṣọ, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, nítorí àwọn àgùntàn kò tíì mu omi àárọ̀.